Ibà Tó Ṣe Bí Ẹni Ń Lọ

Bí ẹ bá rìn yí àdúgbò wa ká ní Abẹ́òkúta yìí, láti ìsàlẹ̀ Ìtòkú gòkè lọ sí ọ̀nà Kémta, ohun tí ẹ ó máa rí lẹ́yìn ilé ni dúrọ́ọ̀mù. Òmíì jẹ́ dúrọ́ọ̀mù búlúù tí wọ́n gé lórí, òmíì jẹ́ ti irin tó ti dógùn-ún, òmíì sì jẹ́ kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n tò sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Omi ẹ̀rọ kì í fi gbogbo ìgbà yọ. Orí òkúta la kọ́lé lé, ẹni tó bá máa gbẹ́ kànga níbẹ̀ gbọ́dọ̀ lówó lọ́wọ́. Nítorí náà, à ń gbe omi òjò, à ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà, à ń tọ́jú rẹ̀ pamọ́. Èmi ò bá ẹnikẹ́ni wí, èmi náà ní tèmi. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí ìdérí ọ̀kan nínú wọn wò, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Tanwíjí tí ẹ ó rí tó ń lọ sókè sódò nínú omi tó mọ́ lóló yẹn kì í sábà jẹ́ ọmọ ẹ̀fọn tó ń gbé ibà tí gbogbo wa mọ̀ kiri. Ẹ̀fọn dúdú tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ìlà funfun ni wọn yóò dà, ojúmọmọ ló sì ń jẹ èèyàn: láàárọ̀ nígbà tí à ń gbálẹ̀, àti ní ìrọ̀lẹ́ kí oòrùn tó wọ̀.

Aedes aegypti ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ẹ̀fọn tó mọ ilé èèyàn ni, ó fẹ́ràn ohunkóhun tó bá gba omi dúró: dúrọ́ọ̀mù, ìkòkò, táyà àlòkù níwájú fọgánáísà, àwo abẹ́ òdòdó. Kì í yé ẹyin rẹ̀ sójú omi. Ara ike, lókè díẹ̀ síbi tí omi dé, ló ń lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹyin yìí lè gbẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù kó má kú, títí òjò yóò fi bá a níbẹ̀. Ẹni tó bá da omi dúrọ́ọ̀mù nù láìfi búrọ́ọ̀ṣì ha inú rẹ̀, ìdajì iṣẹ́ ló ṣe. Àwọ̀n tí ìjọba ń pín tí a ń ta sórí ibùsùn dára, kí ẹ má ṣe tú u, ṣùgbọ́n ẹ̀fọn òru ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é. Ẹlẹ́sẹ̀ funfun yìí ti jẹun yó kí ẹnikẹ́ni tó ronú oorun.

Ohun tí ẹ̀fọn yìí lè gbé sí èèyàn lára kò mọ ní ẹyọ kan. Ibà pọ́njú tí òyìnbó ń pè ní yellow fever wà níbẹ̀, dẹ́ńgì wà níbẹ̀, àwọn mìíràn náà sì wà. Fáírọ́ọ̀sì ni gbogbo wọn. Oògùn ibà tí à ń rà ní kẹ́míìsì kò ràn wọ́n, nítorí kòkòrò ibà lásán, ìyẹn malaria, kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì.

Láàbù ni mo ti ń jẹun. Bí a bá gba ẹ̀jẹ̀ aláìsàn sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́, a ó jẹ́ kó dì, lẹ́yìn náà a ó gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń yí i kíkankíkan. Nígbà tí ẹ̀rọ bá dúró, ohun pupa á ti sọ̀ kalẹ̀, omi ara ẹ̀jẹ̀ á sì wà lókè. Lára ẹni tí ara rẹ̀ dá, omi yìí kì í ju kó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ lọ, èèyàn lè ka lẹ́tà láti ẹ̀yìn rẹ̀. Lára ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti ń dáwọ́ iṣẹ́ dúró, ó máa ń pọ́n rúsúrúsú, òmíì á tiẹ̀ ṣú. Bí mo bá fi bébà funfun sẹ́yìn ìgò, àwọ̀ náà á hàn lórí bébà. Kí ẹ̀rọ tó gbé nọ́ńbà kankan jáde ni mo ti máa ń mọ̀ pé ọ̀ràn ti kúrò ní kékeré. Ohun tó sì máa ń dùn mí ni pé, bí mo bá wo fọ́ọ̀mù tó bá ìgò náà wá, mo máa ń rí i pé ibà ti bẹ̀rẹ̀ láti bí ọ̀sẹ̀ kan, pé ó ti lọ nígbà kan, pé wọ́n ti dúpẹ́, kó tó padà dé.

Ìpadàdé yìí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan ń kọ́ṣẹ́ káfíńtà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní 1987, nígbà tí Ọ̀ṣun òde òní ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Ọdún yẹn ni ibà pọ́njú jà níbẹ̀. Kì í ṣe ti inú igbó, ti àárín ìlú ni, ẹ̀fọn ẹlẹ́sẹ̀ funfun yìí gan-an ló sì gbé e kiri. Lọ́dún tó ṣáájú rẹ̀, ó ti kọ́kọ́ pa ọ̀pọ̀ èèyàn ní Ìpínlẹ̀ Benue. Bí bọ̀ọ̀dá ṣe máa ń sọ ọ́ nìyí: otútù mú òun lójijì, ẹ̀yìn ń ro òun bí ẹni pé wọ́n lù ú, orí ń fọ́, ojú pọ́n. Lọ́jọ́ kẹta, òógùn bò ó, ara rẹ̀ sì tutù. Ó wẹ̀, ó jẹ àmàlà, ó tún lọ sí ṣọ́ọ̀bù lọ fá pákó. Ìyàwó ọ̀gá rẹ̀ ní kí wọ́n wá gba ẹ̀wà jẹ, pé Ọlọ́run ṣé é. Nígbà tó di ìdájí, èébì dé. Ẹyinjú rẹ̀ ti pọ́n rúsúrúsú, ẹ̀jẹ̀ ń ti imú jáde, ìtọ̀ rẹ̀ ṣókùnkùn. Ohun tó bì lẹ́yìn náà dúdú.

Ẹnì kan ò gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sí láàbù nígbà náà, nítorí náà èmi ò lè búra. Ṣùgbọ́n bí àìsàn náà ṣe tò tẹ̀lé ara wọn kò fi bẹ́ẹ̀ fi àyè sílẹ̀ fún àríyànjiyàn.

Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Láti ìgbà tí ẹ̀fọn bá ti jẹ èèyàn, ó máa ń tó ọjọ́ 3 sí 6 kí ara tó gbóná. Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé wọn kì í tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣe wọ́n. Àwọn mìíràn á ṣàìsàn fún ọjọ́ 3 tàbí 4, yóò sì parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan bí 15 nínú 100 àwọn tó bá ṣàìsàn ni ibà máa ń tún padà dé bá, lẹ́yìn tí ara wọn ti balẹ̀ fún ìwọ̀nba wákàtí, kì í sábà ju ọjọ́ kan lọ. Nínú àwọn tó bá bọ́ sí ìpele kejì yìí, ìdajì ló ń kú láàárín ọjọ́ 7 sí 10. Nítorí náà, ọjọ́ tí ìyá fọwọ́ kan iwájú orí ọmọ, tó ní “ara rẹ̀ ti tutù, ẹ ṣeun,” ọjọ́ yẹn ló yẹ kí wọ́n máa wo ẹyinjú ọmọ náà nínú ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́, kì í ṣe lábẹ́ gílóòbù. Iná gílóòbù pupa kì í jẹ́ kí ojú tó pọ́n hàn. Kí wọ́n máa wo àwọ̀ ìtọ̀ rẹ̀ náà.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú lọ́hùn-ún? Bí fáírọ́ọ̀sì bá ti wọ ẹ̀jẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀ṣọ́ tó ń gbé nínú ẹ̀dọ̀, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa gbé ìdọ̀tí mì nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń kọjá, àwọn ló kọ́kọ́ máa ń gbé e mì. Òun sì ni yóò pa wọ́n. Láti ibẹ̀ ló ti ń wọ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ gan-an. Ẹ̀dọ̀ wa pín sí yàrá kéékèèké tí kò lóǹkà. Ẹ̀jẹ̀ ń gba etí yàrá wọlé, ó sì ń gba àárín rẹ̀ jáde. Ibà pọ́njú ní ibi tó fẹ́ràn: àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà láàárín méjì, tí wọn ò sí létí, tí wọn ò sì sí ní ojú ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde. Àwọn yìí ló ń pa jù. Wọ́n á súnkì, wọ́n á ká jọ róbótó, bí a bá sì fi aró láàbù pa ẹ̀dọ̀ náà, wọ́n á pọ́n. Ará Amẹ́ríkà kan, William Councilman, ló ṣàpèjúwe wọn ní 1890, orúkọ rẹ̀ la sì ń pè wọ́n títí dòní.

Ohun kan wà níbẹ̀ tó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Nínú ọ̀pọ̀ àrùn ẹ̀dọ̀, ọmọ ogun ara máa ń rọ́ wọlé, ibẹ̀ á wú, bó bá yá, àpá á bò ó, ẹ̀dọ̀ á le. Nínú ibà pọ́njú, sẹ́ẹ̀lì ń kú wọ̀ǹtìwọnti, ṣùgbọ́n ogun tó ń wọlé kéré sí bí ìparun náà ṣe pọ̀ tó. Ó dà bí ilé tí ògiri rẹ̀ wó tí gbogbo òpó rẹ̀ sì wà ní ìdúró. Bí ẹni náà bá lè yè é, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ṣẹ́kù létí yàrá á bẹ̀rẹ̀ sí bí sí i, wọ́n á tò tẹ̀lé òpó yẹn, ẹ̀dọ̀ á padà sípò láìní àpá.

Nígbà òjò tó kọjá, bọ̀ọ̀dá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ìpá. Dókítà ní kó lọ ya àwòrán inú rẹ̀. Èmi ni mo mú un lọ. Mo gba ìwé èsì, mo sì kọ́kọ́ sáré wo ìlà tí wọ́n kọ nípa ẹ̀dọ̀ sí: ìwọ̀n rẹ̀ dára, ara rẹ̀ dán, kò sí kókó, kò sí àpá. Mo kà á létí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, “Ṣebí mo ti sọ fún ẹ pé ewé àǹtí rẹ ló wò mí.”

Àǹtí mi náà ni àbúrò wọn, ó ń ta ewé àti egbò ní Ìtòkú títí di òní olónìí. Ọ̀rọ̀ tiwa á dé.

Kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe tó fi jẹ́ pé bó bá dùbúlẹ̀, gbogbo ara á tẹ̀ lé e. Ó ń ṣe èròjà tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì. Bí kò bá ṣe é mọ́, ẹ̀jẹ̀ á máa gba èrìgì jáde, á gba imú, á gba ojú abẹ́rẹ́. Èyí tó bá ń dà sínú ikùn, omi kíkan ikùn á sọ ọ́ di dúdú, òun ni èébì dúdú tí bọ̀ọ̀dá rí. Ó ń tọ́jú ṣúgà pamọ́ fún ìgbà tí a kò bá jẹun, nítorí náà ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn lè já wálẹ̀ lójijì. Ó ń pa májèlé inú ẹ̀jẹ̀, bí kò bá pa á mọ́, ó ń gun ọpọlọ, aláìsàn á máa ṣèsọkúsọ, á máa jà, kó tó sùn lọ. Òun ló sì ń da àwọ̀ rúsúrúsú inú ẹ̀jẹ̀ gbígbó sínú òróòro kó lè bá ìgbẹ́ jáde. Ojú pípọ́n tí gbogbo wa mọ̀ yìí, àmì pé àwọ̀ yẹn kò rí ọ̀nà gbà mọ́ ni.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí ni pé ẹ̀dọ̀ nìkan kọ́ ló ń gbọgbẹ́. Kíndìnrín náà ń kú, ìtọ̀ á kéré títí kò ní wá mọ́, ọ̀pọ̀ ló sì jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà lọ. Iṣan ọkàn náà ń bàjẹ́: ara aláìsàn á gbóná janjan, ọkàn rẹ̀ á sì máa lù jẹ́jẹ́ nígbà tó yẹ kó máa sáré. Ní láàbù, a ní nọ́ńbà méjì tí à ń wò fún ẹ̀dọ̀, ALT àti AST, èròjà inú sẹ́ẹ̀lì tó máa ń jò sínú ẹ̀jẹ̀ bí sẹ́ẹ̀lì bá fọ́. Nínú àwọn hepatitis (àrùn tó ń mú ẹ̀dọ̀ wú) tí a mọ̀ dáadáa, ALT ló sábà máa ń ga jù. Nínú ibà pọ́njú, AST ló ń gbé e borí, torí pé iṣan ara àti iṣan ọkàn ní AST nínú, àwọn náà sì ń fọ́ dànù. Nọ́ńbà méjì péré, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà á mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀dọ̀ nìkan ló ń sunkún.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á ti máa rò ó pé gbogbo ẹni tí ojú rẹ̀ bá pọ́n ló ní èyí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Hepatitis B pọ̀ láàárín wa, òkúta lè dí ọ̀nà òróòro, ibà lásán lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ pupa títí ojú á fi pọ́n, ojú àwọn tó ní fọ̀níkú-fọ̀ladìde sì ń pọ́n nígbà gbogbo. Ojú nìkan kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ló lè sọ ọ́, àyẹ̀wò ibà pọ́njú kì í sì í ṣe ohun tí láàbù ẹ̀gbẹ́ títì ń ṣe. Tí ẹ bá rí ẹni tó ní òun lè ṣe é fún yín ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ fi owó yín sápò.

Dẹ́ńgì náà ń fò kiri ní Nàìjíríà, àmọ́ ibà la máa ń pè é, nítorí ibà la kúkú ń pe ohun gbogbo tó bá gbóná. Oríṣi 4 ni fáírọ́ọ̀sì rẹ̀. Ó ń yọ ẹ̀dọ̀ lẹ́nu, ALT àti AST ọ̀pọ̀ tó bá mú ló ń ga, ṣùgbọ́n kì í sábà wó ẹ̀dọ̀ lulẹ̀ bíi ti èkejì rẹ̀. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ló ń jò. Omi inú ẹ̀jẹ̀ á máa yọ́ jáde sínú ikùn àti àyà, ẹ̀jẹ̀ tó kù á ki, ìfúnpá á já. Ìgbà wo ló ń jò? Nígbà tí ara bá bẹ̀rẹ̀ sí tutù, ní nǹkan bí ọjọ́ 3 sí 7. Fáírọ́ọ̀sì méjì ni wọ́n, ọgbọ́n kan náà ni wọ́n ń lò. Inú tó ń ro kíkankíkan, èébì tí kò dáwọ́ dúró, èrìgì tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ara tó rọ jọ̀wọ̀lọ̀: bí ara bá tutù tí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí bá tẹ̀ lé e, ilé ìwòsàn tó ní ibùsùn ni ká lọ, kẹ́míìsì kọ́.

Ní ìhà Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, Rift Valley fever tún wà, tí ẹ̀fọn ń gbé láti ara ẹran wá. Àgùntàn tó lóyún á máa sọ oyún nù, ẹ̀dọ̀ ọmọ wọn á ti rà. Èèyàn díẹ̀ ló ń mú dé ojú ẹ̀dọ̀, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀.

Ìtàn bí a ṣe mọ gbogbo èyí kò jìnnà sí wa tó bí a ṣe rò. Nígbà tí àwọn àlùfáà Àgùdà dá ilé ìwòsàn Lantoro sílẹ̀ níbí ní 1895, Carlos Finlay, dókítà kan ní Kúbà, ti ń sọ ọ́ láti 1881 pé ẹ̀fọn ló ń gbé ibà pọ́njú kiri, wọ́n sì ń fi í rẹ́rìn-ín. Ó di 1900 kí ẹgbẹ́ Walter Reed, dókítà ọmọ ogun Amẹ́ríkà, tó fìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀. Ní 1925, àjọ Rockefeller wá dá ibùdó ìwádìí sílẹ̀ ní Yábàá, nílùú Èkó. Ní 1927, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kan ní Gold Coast, tó di Ghana lónìí, Asibi lorúkọ rẹ̀, wọ́n fi gún ọ̀bọ kan, ọ̀bọ náà sì kú. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí fáírọ́ọ̀sì náà mú. Asibi ní tirẹ̀, ara rẹ̀ yá. Àwọn tó ń ṣe ìwádìí ni wọ́n kú: Adrian Stokes kú ní Èkó lọ́dún yẹn kan náà, Hideyo Noguchi, ará Japan, kú ní Accra, ní Gold Coast yẹn, ní 1928, William Young tó bá a ṣiṣẹ́ sì tẹ̀ lé e láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Fáírọ́ọ̀sì tó wá láti ara Asibi yẹn ni Max Theiler àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbìn láti inú àwo kan sí òmíràn, títí tó fi gbàgbé bí a ṣe ń pa ẹ̀dọ̀. Ní 1937, wọ́n ti fi ṣe àjẹsára tí wọ́n ń pè ní 17D. Theiler gba ẹ̀bùn Nobel ní 1951. Inú ẹyin adìyẹ ni wọ́n ti ń gbìn ín títí dòní. Ẹ̀jẹ̀ ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kan ló ń dáàbò bo gbogbo ayé, àmọ́ bí ẹ bá bèèrè lọ́wọ́ ọgọ́rùn-ún akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, Theiler ni wọn yóò mọ̀. Ìyẹn máa ń bí mi nínú díẹ̀.

Ní Brazil, ní nǹkan bí 1930, wọ́n ṣe ohun èlò kan tó mú ṣáṣá, wọ́n ń pè é ní viscerotome. Bí ẹnikẹ́ni bá kú lẹ́yìn ibà ọjọ́ díẹ̀, aṣojú ìjọba á wá kí wọ́n tó sin ín, á fi ohun èlò yìí gún ìhà òkú, á bu ẹ̀dọ̀ díẹ̀, á fi ránṣẹ́ sí láàbù. Inú àwọn ẹbí kò dùn, ẹ fojú inú wo kí wọ́n wá bẹ́ẹ̀ sí ìdílé Ẹ̀gbá! Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ òkú wọ̀nyí ló fi hàn pé ibà pọ́njú wà ní ibi tí gbogbo èèyàn ti búra pé kò sí, àní nínú igbó níbi tí ẹ̀fọn inú ilé kò dé, tó jẹ́ pé ọ̀bọ ló ń mú. Àwa náà rí ìyẹn níbí. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí gbogbo nǹkan ti dákẹ́, oṣù kẹsàn-án 2017 ni ó tún yọjú ní Ìfẹ́lódùn, Ìpínlẹ̀ Kwara, kò sì pẹ́ tó fi dé àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn, títí kan Edo, Bauchi, Enugu àti Delta.

Ó wá ku àǹtí mi.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń ta àdìrẹ. Bí oníbàárà bá ní ojú òun pọ́n, ó mọ ohun tí yóò dì fún un: èèpo awọ́pa, ewé ọrúwọ, èèpo ọ̀pẹ òyìnbó, omidun láti fi rẹ ẹ́. Mo lọ bá a lẹ́yìn tí èsì àwòrán bọ̀ọ̀dá jáde, mo sì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ òpó àti ògiri fún un.

Ó wò mí láti òkè dé ìsàlẹ̀. “Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ohun tí o wá sọ ni pé ewé mi ò ṣe nǹkan kan?”

Mo ní, “Rárá o, Àǹtí, ẹ má bínú. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹ̀dọ̀ bọ̀ọ̀dá fúnra rẹ̀ ló tún ara rẹ̀ kọ́. Omi tí wọ́n fà sí wọn lára nílé ìwòsàn, àti ẹ̀kọ tútù tí ẹ̀yin ń fún wọn mu, ló dá wọn dúró títí ó fi kọ́ ọ tán.”

Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun kan tí n kò retí. Ó ní bọ̀ọ̀dá kò tilẹ̀ mu ewé òun tó bó ṣe ń sọ kiri, pé ó ń bì í, pé òun fi sílẹ̀. Ẹ̀kọ àti omi ló ń gbà.

Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi yé yín o, èmi kì í ṣe ọ̀tá ewé. Ilé ewé ni wọ́n bí mi sí. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí a bá gbé mì, ewé ni o, oògùn òyìnbó ni o, ẹ̀dọ̀ ló máa kọ́kọ́ kọjá. Àkókò tí ibà bá fẹ̀yìn hàn ni àwa máa ń kó ohun gbogbo dé: àgbo ọtí, páràgà láti Láfẹ́nwá, abẹ́rẹ́ tí a kò mọ orúkọ rẹ̀, parasítámọ́ọ̀lù tí a ń mu lọ́wọ́ lọ́wọ́ torí ara ń ro. Parasítámọ́ọ̀lù kò burú bí a bá mu ún ní ìwọ̀n, bó bá pọ̀ jù ó lè pa ẹ̀dọ̀ tó yè kooro, ká má tíì sọ èyí tí àárín rẹ̀ ti jóná. Aspirin àti ibuprofen ń mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà sí i, ẹ má ṣe fọwọ́ kàn wọ́n nígbà tí a kò bá mọ irú ibà tó jẹ́. Kò sí oògùn tó ń pa fáírọ́ọ̀sì ibà pọ́njú. Ohun tí ilé ìwòsàn ń ṣe ni pé wọ́n á di aláìsàn mú: omi, ẹ̀jẹ̀, ṣúgà, ẹ̀rọ tó ń bá kíndìnrín fọ ẹ̀jẹ̀ bó bá débẹ̀. Bí a bá fi ojú lásán wò ó, á dà bíi pé wọn ò ṣe nǹkan kan. Àwọn ẹbí á ní “omi nìkan ni wọ́n ń fà sí i lára,” wọ́n á sì gbé aláìsàn kúrò lọ sí ibi tí wọ́n á ti rí nǹkan ṣe. N kò lè ka iye ìgbà tí mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu ọ̀nà láàbù.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la sì ń gbà á títí ọjọ́ ayé. Láti 2004 ló ti wà lára èyí tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ wa nígbà tí wọ́n bá pé oṣù 9, ọjọ́ kan náà pẹ̀lú ti ìgbóná èéyí. Láàárín ọjọ́ 30, ó ti ń dáàbò bo ó lé ní 99 nínú 100 àwọn tó bá gbà á. Ó ní àwọn tí kì í ṣe tiwọn: ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6, ẹni tí ẹyin jíjẹ ń dà láàmú gidigidi, ẹni tí agbára ara rẹ̀ láti bá àrùn jà ti lọ sílẹ̀ púpọ̀. Aláboyún àti ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ní láti bá dókítà sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gbà á.

Èyí tí mo kà sí ìwà òmùgọ̀ pátápátá ni ti káàdì. Gbogbo wa la mọ̀ pé àwọn kan wà tí wọ́n ń ra káàdì àjẹsára tí a fi ń rìnrìn-àjò láìgba abẹ́rẹ́, wọ́n á san owó, wọ́n á gba òǹtẹ̀, wọ́n á wọkọ̀ òfurufú. Owó tí wọ́n ná yẹn ìbá gba abẹ́rẹ́ fún wọn. Ẹ̀fọn kì í ka káàdì.

Àǹtí mi kò gbà fún mi tán, kò sì ní gbà fún mi tán láé, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo yà lọ́dọ̀ rẹ̀ láìpẹ́ yìí, mo bá a níbi tó ti ń bi ọkùnrin kan pé ọjọ́ wo ni ara ìyàwó rẹ̀ tutù, ọjọ́ wo ni ojú rẹ̀ pọ́n. Ọkùnrin náà ní àná ló tutù, òwúrọ̀ yìí ló bẹ̀rẹ̀ sí bì. Àǹtí ní kó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, pé òun kò ní tà fún un lónìí. Ọkùnrin náà bínú, ó ní ṣé nítorí kí wọ́n lè fa omi lásán sí i lára lòun ṣe wá sí Ìtòkú, ó sì ré kọjá lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì. Àǹtí sáré tẹ̀ lé e débẹ̀, ó sì ń bá ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù náà jà pé kí òun náà má tà fún un.